Ta ló bí àjèjì yìí? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí prótọ́ọ̀nù bá forí gbárí

Bí ìkòkò méjì bá forí gbárí, àpáàdì la ó ṣà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa retí pé òun á bá ìkòkò kan lódindi, kí èkejì ti di odù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí igbá tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá sì tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nígbà mìíràn, bí prótọ́ọ̀nù méjì bá fi eré àsápajúdé kọlu ara wọn.

Prótọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa. Ó wà láàárín gbùngbùn gbogbo átọ̀mù, nínú omi tí à ń mu, nínú irin, nínú eegun wa. Ẹ fi méjì kọlu ara wọn, ó lè jẹ́ mẹ́ta lẹ máa kó jọ: prótọ́ọ̀nù kan, èérún kan tó wúwo ju prótọ́ọ̀nù lọ tí wọ́n ń pè ní Lambda, àti ọ̀kan tó fi díẹ̀ ju ìdajì prótọ́ọ̀nù lọ tí wọ́n ń pè ní kaon. Lambda àti kaon wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ físíìsì sọ lórúkọ ní èérún àjèjì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo irú nǹkan kékeré báyìí ni MeV. Prótọ́ọ̀nù jẹ́ 938, Lambda jẹ́ 1,116, kaon tí mo ń sọ yìí jẹ́ 494. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 1,876 ló wọlé, 2,548 ló jáde. Níbo ni nǹkan bíi 670 ti wá?

Èsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fọ̀ ni pé inú prótọ́ọ̀nù ló sá pamọ́ sí, pé ìkọlù ló gbọ̀n ọ́n jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìforígbárí yìí kì í ṣe ẹ̀pà pípa, tí à ń fọ́ èèpo kí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ lè bọ́ síta. Eré tí àwọn méjèèjì ń sá bọ̀ ló di ara. Albert Einstein ti fi hàn ní 1905 pé agbára àti ìwúwo ṣeé ṣẹ́ sí ara wọn, bí ẹní ṣẹ́ owó ńlá sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí MeV, tó jẹ́ òṣùwọ̀n agbára, fi lè wọn ìwúwo. Bí prótọ́ọ̀nù bá ń sáré, agbára wà nínú eré rẹ̀. Nígbà tí ìkọlù bá dá eré náà dúró, agbára náà kò lè ṣègbé. Apá kan nínú rẹ̀ á di ìwúwo, ìyẹn ni pé á di èérún tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rárá.

Ọ̀nà tí ìkọlù náà gbà wáyé ṣe pàtàkì. Bí àwọn méjèèjì bá sáré wá pàdé ara wọn lójúkojú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi 336 MeV nínú eré rẹ̀ ti tó láti san owó Lambda àti kaon. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dúró sójú kan tí èkejì wá kọlù ú, ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ ní bíi 1,580. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, ó sì máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ẹ ro ti ọkọ̀ tó ń sáré tó lọ kọlu ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀: àwọn méjèèjì á jọ wọ́ lọ síwájú, agbára tó bá wíwọ́ náà lọ kò sì sí lára èyí tó fọ́ nǹkan. Bí ọkọ̀ méjì bá kọlura lójúkojú pẹ̀lú eré kan náà, ojú kan ni wọ́n máa dúró sí. Gbogbo agbára náà ló kù síbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ẹ̀rọ ńlá òde òní fi ń darí ọ̀wọ́ prótọ́ọ̀nù méjì kọ ojú síra.

Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ àjèjì? Ìtàn ìyẹn ti Manchester bẹ̀rẹ̀, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. George Rochester àti Clifford Butler ń lo àpótí kan tí wọ́n sọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ di ọ̀rinrin tó fẹ́ di ìkùukùu. Èérún èyíkéyìí tó bá ní iná mànàmáná lára, tó sì gba inú àpótí náà kọjá, á fi ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn-tín sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí ń mú prótọ́ọ̀nù sáré. Ìtànṣán tó ń ti òfúrufú já bọ̀ ni wọ́n gbára lé. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò, méjì péré ló dá wọn lójú pé ó yàtọ̀, ọ̀kan ti oṣù Kẹwàá 1946, èkejì ti oṣù Karùn-ún 1947. Nínú ti àkọ́kọ́, ìlà méjì ya bíi lẹ́tà V láti ibi tí kò sí ìlà kankan tó dé ibẹ̀. Ohun kan tí kò ní iná lára, tí àpótí náà kò lè rí, ti rìn dé ibẹ̀ ó sì ti túká sí méjì. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní oṣù Kejìlá 1947. Fún ìgbà díẹ̀, "èérún V" ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ohun tó sọ ọ́ di àdììtú ni èyí. Bí wọ́n ṣe ń yọ nínú ìkọlù fi hàn pé ipá líle ló ń bí wọn, ipá tó so prótọ́ọ̀nù pọ̀ nínú átọ̀mù. Ipá yẹn kì í fi nǹkan falẹ̀. Ohun tó bá rọrùn fún un láti bí yẹ kó rọrùn fún un láti tú ká, ní àkókò kúkurú tó jẹ́ pé bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1 tí òdo 23 tẹ̀ lé, ìpín kan ṣoṣo ni. Lambda kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tó ń gbé láyé jẹ́ bíi 2.6 nínú ìdá bílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú àáyá. Lójú tiwa, ìṣẹ́jú kò tíì ṣẹ́. Lójú ipá líle, ó dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́, tó tutọ́ sílẹ̀ fún un pé kó dé kí itọ́ náà tó gbẹ. Bí a bá ní kí itọ́ náà gbẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọ náà dé lẹ́yìn bíi ọdún 800,000.

Abraham Pais ló kọ́kọ́ tọ́ka sí ọ̀nà àbáyọ, ní 1952: bóyá wọn kì í dá wá; bóyá méjì méjì ni wọ́n ń wáyé. Ní 1953, Murray Gell-Mann ní Amẹ́ríkà, àti Kazuhiko Nishijima pẹ̀lú Tadao Nakano ní Japan, sọ ọ́ di òfin, láìjẹ́ pé ẹnì kan wo iṣẹ́ ẹnì kejì. Wọ́n ní àmì kan wà lára àwọn èérún wọ̀nyí tí à ń kà bí owó tàbí gbèsè. Prótọ́ọ̀nù jẹ́ òdo. Lambda jẹ gbèsè 1, kaon tó bá a jáde ní owó 1. Ipá líle kò gbọ̀jẹ̀gẹ́ nínú ìṣirò yìí: bí òdo bá wọlé, òdo ló gbọ́dọ̀ jáde. Nishijima pe àmì náà ní orúkọ tirẹ̀, eta, ṣùgbọ́n orúkọ Gell-Mann, ìjẹ́-àjèjì, ló lẹ̀. Orúkọ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu ju èyí tó jẹ́ lẹ́tà Gíríìkì lọ.

Òfin yìí tú àdììtú náà. Nígbà tí Lambda àti kaon bá yọ pa pọ̀, owó àti gbèsè pa ara wọn rẹ́, ipá líle sì gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà wọ́n pínyà, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Lambda dá wà pẹ̀lú gbèsè rẹ̀. Láàárín àwọn ẹbí prótọ́ọ̀nù, kò sí èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ tó ní àmì kan náà tó lè dà. Ipá líle kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí kò lè pa gbèsè rẹ́. Ó di dandan kó dúró de ipá mìíràn, èyí tí mo fẹ́ràn láti máa pè ní ipá ọ̀lẹ: kò ka àmì àjèjì sí, ṣùgbọ́n kì í yára ṣe ohunkóhun. Dídúró de ọ̀lẹ yìí ló sọ ìṣẹ́jú àáyá kan di ọdún 800,000. Ẹ̀rọ Cosmotron ní Brookhaven, lẹ́bàá New York, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952, ó sì lè fún prótọ́ọ̀nù ní bíi 3,000 MeV. Nígbà tó fi máa di 1954, wọ́n ti rí i níbẹ̀ pé méjì méjì ni àwọn àjèjì ń jáde lóòótọ́, nígbà tí wọ́n ju èérún mìíràn tó ń jẹ́ pion lu prótọ́ọ̀nù.

Ohun tí àmì yìí jẹ́ gan-an kò hàn títí di 1964, nígbà tí Gell-Mann àti George Zweig sọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé prótọ́ọ̀nù náà ní ohun tó parapọ̀ ṣe é. Kúáàkì ni wọ́n ń jẹ́ lónìí. Prótọ́ọ̀nù ní kúáàkì u méjì àti d kan. Kúáàkì kẹta wà, s, òun ni àjèjì gan-an. Ìwúwo u jẹ́ bíi 2 MeV, d bíi 5, s bíi 93. Òdì-kúáàkì sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó jọ ọ́ nínú gbogbo nǹkan àfi pé àmì rẹ̀ yí padà.

Níbí ni mo ti máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè pé kó mú bébà. Prótọ́ọ̀nù méjì ní u mẹ́rin àti d méjì. Ó tán. Nínú àwọn tó jáde, prótọ́ọ̀nù ní u méjì àti d kan. Lambda ní u kan, d kan, s kan. Kaon ní u kan àti òdì s kan. Ẹ ka u: mẹ́rin. Ẹ ka d: méjì. Gbogbo ohun tó wọlé ló tún jáde, kò sọnù, kò fọ́. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni s àti òdì rẹ̀, ìbejì tí agbára bí. Èyí kan bá Lambda lọ, èyí kejì bá kaon lọ. Igbá tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá nìyẹn, àti ìdí tí ìkòkò kejì fi di odù.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí lè dá mi dúró: ṣé kò sí s kankan nínú prótọ́ọ̀nù ni? Ó wà, ní ọ̀nà kan. Nínú prótọ́ọ̀nù, ìbejì kúáàkì àti òdì rẹ̀ ń yọ, wọ́n sì ń rá láìdúró, s náà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àbíkú ni wọ́n. Bí wọ́n ti ń dé ni wọ́n ń padà, owó àti gbèsè wọn sì máa ń jẹ́ òdo nígbà gbogbo. Ìkọlù lè fún irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ní agbára tí wọ́n á fi dúró. Agbára yẹn náà ni à ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Títí dé ibi tí a dé yìí, agbára tó kàn tó ra ọjà náà la ti ń sọ. Ní LHC, ẹ̀rọ tí àjọ CERN fi ń mú prótọ́ọ̀nù kọlura, nínú ihò yíyípo tó gùn tó kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Faransé àti Switzerland, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò níbẹ̀. Láti 2022, agbára ìforígbárí kan níbẹ̀ jẹ́ 13.6 TeV, ìyẹn 13,600,000 MeV. Ohun tí Lambda àti kaon ń gbà kò tó ìdá kan nínú 5,000 rẹ̀. Pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀, kì í ṣe prótọ́ọ̀nù ló ń kọlu prótọ́ọ̀nù mọ́. Ohun tó wà nínú wọn ló ń kọlura, pàápàá àwọn gluon, tí í ṣe àtè tó lẹ kúáàkì pọ̀. Gluon méjì lè kọlura kí wọ́n sì di s àti òdì s lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá ni fífà. Ohun tó so kúáàkì pọ̀ kò dà bí òòfà tó ń rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i. Ó dà bí rọ́bà. Bí kúáàkì kan bá fẹ́ sá kúrò lọ́dọ̀ ìyókù, rọ́bà á máa nà lẹ́yìn rẹ̀, ipá tó sì fi ń fà á padà jẹ́ bíi ìwúwo tọ́ọ̀nù 16. Ẹrù ọkọ̀ àjàgbé, lórí ohun kan tí ojú kò lè rí láéláé! Bí ó bá nà dé ibì kan, ó rọrùn kó já ju kó máa nà lọ. Ibi tó bá já sí, ìbejì tuntun ló ń yọ níbẹ̀, kúáàkì lẹ́nu ìdí kan, òdì-kúáàkì lẹ́nu èkejì. Rọ́bà á tún nà, á tún já, títí agbára á fi tán. Nítorí náà, ẹ kò lè rí kúáàkì tó dá wà. Àwọn tó ti so pọ̀ lẹ máa rí, tí wọ́n ń tú jáde bí òjò.

Bí rọ́bà bá já, kúáàkì wo ni yóò yọ? u àti d fúyẹ́, wọ́n rọrùn. s wúwo, ó sì ṣọ̀wọ́n: fún gbogbo ìgbà 10 tí ìbejì u bá yọ, ti s máa ń yọ bíi ìgbà 2 sí 3. Kaon àti Lambda, tí wọ́n ní àjèjì kan péré lára, kò wọ́n. Èérún mìíràn tó ń jẹ́ Xi ní méjì, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ bíi 1,322. Omega ní mẹ́ta, s nìkan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ 1,672. Gell-Mann ti sọ pé Omega gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní 1964 ni wọ́n rí i ní Brookhaven. Kí Omega tó lè yọ láti inú rọ́bà jíjá, àfi kí ìbejì s mẹ́ta bọ́ sí tòsí ara wọn. Ẹni tó bá ti ju ayò mẹ́ta sókè rí, tó ń retí kí gbogbo wọn bọ́ sínú ihò kan náà, á mọ bó ṣe ṣòro tó.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ wọ́n lónìí kò yàtọ̀ sí ti Manchester lọ títí: V náà ni. Lambda máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 kó tó túká, kaon kan tí kò ní iná lára máa ń rìn bíi sẹ̀ǹtímítà 3, àwọn tó bá sì yára gan-an ń jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lambda sábà máa ń túká sí prótọ́ọ̀nù kan àti pion kan. Òòfà ńlá tó yí ẹ̀rọ náà ká á tẹ ọ̀nà èkíní sí apá kan, á tẹ èkejì sí apá òdìkejì. Bí ọ̀nà wọn ṣe tẹ̀ tó ló ń sọ eré tí wọ́n ń sá, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìwúwo ẹni tó bí wọn. Bí ó bá jẹ́ 1,116, Lambda ni.

Ọ̀nà yìí ni àwọn tó wà nídìí ALICE, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ aṣọ́nà LHC, gbà rí ohun kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Kí a tó lè mọ ìdí tó fi jọ wọ́n lójú, ó yẹ ká mọ̀ pé ní 1982, Johann Rafelski àti Berndt Müller ti sọ pé bí a bá fi àwọn átọ̀mù tó wúwo, bí òjé, kọlura dáadáa, prótọ́ọ̀nù inú wọn á yọ́. Kúáàkì àti gluon á di ọbẹ̀ gbígbóná kan ṣoṣo, irú èyí tó kún gbogbo ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó kọjá. Nínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, gluon ń kọlu gluon láìsinmi, s kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́. Àjèjì tó bá pọ̀ ju ti rọ́bà jíjá lọ, àmì ọbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá a nínú ìkọlù òjé, wọ́n rí i. Prótọ́ọ̀nù méjì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo èèyàn gbà pé wọ́n kéré jù láti se ọbẹ̀.

ALICE wá pín àwọn ìforígbárí prótọ́ọ̀nù ní 7 TeV sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí iye èérún tó tú jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àjèjì ń pọ̀ sí i ju pion lọ, díẹ̀díẹ̀, láìfò. Kaon àti Lambda gòkè díẹ̀, Xi gòkè jù wọ́n lọ, Omega ló gòkè jù lọ. Prótọ́ọ̀nù tí kò ní àjèjì lára kò gòkè, nítorí náà kì í ṣe ìwúwo ló fà á. Iye s tó wà nínú èérún ló ṣe pàtàkì. Nínú àwọn ìforígbárí tó tú èérún jáde jù lọ, iye náà sún mọ́ ti òjé.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó gbára lé rọ́bà tó ń já lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè ṣàlàyé èyí. Àwọn kan ní nígbà tí rọ́bà bá pọ̀ ní àyè kékeré, wọ́n máa ń lọ́ mọ́ra bí okùn, okùn tó lọ́ pọ̀ sì le ju fọ́nrán kan lọ, ó sì rọrùn kí s yọ níbi tó bá já sí. Àwọn mìíràn ní ẹ̀kán ọbẹ̀ kékeré kan ló ń sè níbẹ̀ lóòótọ́, láàárín prótọ́ọ̀nù méjì. Ní tèmi, àlàyé okùn ló rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rá pálá bí ó bá kan prótọ́ọ̀nù lásán. Ní oṣù Keje 2025, LHC fi ọ́síjìn kọlu ọ́síjìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Prótọ́ọ̀nù 8 ló wà nínú ọ́síjìn, 82 ló wà nínú òjé, ẹyọ kan ṣoṣo la sì ti ń bá bọ̀ láti òkè. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀kán àti ìkòkò ọbẹ̀ ni ìkọlù yẹn bọ́ sí.